Tamar Holroyd àti Ajá Inú Bébà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Tamar Holroyd, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ín. Pásítọ̀ dúró níwájú pósí, ó ní obìnrin onísùúrù ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lóòótọ́ ni sùúrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí irun ló ná gbogbo rẹ̀ lé. Ọdún mọ́kànlélógún la fi jọ gbé òpópó kan náà ní Bradford, ìlú tí irun àgùntàn ń bọ́, ògiri bíríkì kan ló pín ilé mi sí tirẹ̀. Bó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́ láti ìhín. Bí ẹnì kan bá máa sọ ìtàn rẹ̀, èmi Leah Ogden ni, n kò sì ní fi aṣọ bo ibi tí kò dára.

Ọmọ ahunṣọ ni. Ìyá rẹ̀ hunṣọ, ìyá ìyá rẹ̀ náà hun ún nínú ilé kí ẹ̀rọ tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: àárọ̀ ní ilé iṣẹ́, ọ̀sán ní ilé ìwé, níbi tó ti máa ń sùn lé síléètì lórí. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe. Bí aṣọ bá ti orí ẹ̀rọ bọ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó sójú fèrèsé, wọn a máa fi ìka wá ibi tí òwú ti já tàbí ibi tó ti ta kókó, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ tún un hun. Ibi tí Tamar bá tún ṣe, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní rí i mọ́. Ojú rẹ̀ kò gba àbùkù. Ẹ lè máa gbàdúrà lọ́wọ́ kí ẹ dédé rí ìka obìnrin yìí léjìká yín, ó ń ṣa fọ́nrán òwú kúrò lára aṣọ yín. Kì í ṣe ìkà. Kí ẹ má sì sọ fún mi pé àìrọ́mọbí ló sọ ọ́ di alájá. Ọmọ méjì ló bí. Ezra wà ní Keighley, Ruth wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Hull, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí i ju bí àwọn tèmi ṣe ń kọ sí mi lọ.

Enos ọkọ rẹ̀ ń ṣa irun àgùntàn ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Alápanilẹ́rìn-ín ni, ó fẹ́ràn ṣàkì àti àlùbọ́sà ní alẹ́ Sátidé, kò sì fẹ́ràn pásítọ̀ kankan. Òun ló mú ajá náà wálé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, Enos ni, kì í ṣe Tamar. Inú fìlà rẹ̀ ló gbé e sí, ó sì dé fìlà náà mọ́rí la òjò kọjá. Mo wà níbẹ̀, iyọ̀ ni mo wá tọrọ. Ó ṣí fìlà lórí tábìlì, ohun dúdú kékeré kan sì yọ orí jáde.

Tamar ní, “Eku lo gbé wọlé wá bá mi.”

Enos ní, “Eku kọ́, ọlọ́pàá eku ni. Sájẹ́ńtì lorúkọ rẹ̀. Ẹ dìde kí ẹ kí i.”

Irú ajá yìí, tiwa ni. Àwọn ahunṣọ tó ti ilẹ̀ Scotland sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló kó àwọn baba ńlá ajá wọ̀nyí wá, àwọn èèyàn wa sì ń mú èyí tó kéré jù gun èyí tó kéré jù, ìran dé ìran, títí àgbà ajá fi wọn ìwọ̀n búrẹ́dì kan péré. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Sájẹ́ńtì kò mọ̀ pé òun kéré, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. Ó gbó mọ́ ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ èédú, ẹṣin fi ẹ̀yìn rìn. Enos máa ń mú un lọ síbi iṣẹ́, lókè àjà tí wọ́n ń kó irun àgùntàn jọ sí. Lọ́jọ́ kan, ó pa eku mọ́kànlá kí wọ́n tó mu tíì. Ó ń jowú, olóríkunkun ni, bí ẹ bá sì jókòó sórí àga tó yàn láàyò, yóò dúró níwájú yín, yóò máa wò yín títí ẹ ó fi dìde. Àpò ẹ̀wù Enos kì í ṣófo ẹran gígé wẹ́wẹ́, nítorí ajá tó kéré báyìí, bí ebi bá pa á fún ìdajì ọjọ́, òòyì á gbé e ṣubú. Ní alẹ́, àyà Enos ló ń sùn lé, orí rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ọkùnrin náà. Tamar máa ń ráhùn pé méjèèjì ló ń hanrun.

Dúdú ni wọ́n máa ń bí wọn. Nígbà tí Sájẹ́ńtì pé bí ọdún kan àbọ̀, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ di àwọ̀ irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di wúrà. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, Enos ń sùn, ajá wà lórí itan Tamar, ó sì ń fi ọwọ́ pa á lára láìronú. Ó dédé dáwọ́ dúró. Ó pè mí, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ kan irun láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìka mi kò lè purọ́ fún mi. Ohun tó wà lára ajá yẹn dára ju ohunkóhun tó ti gba ọwọ́ mi kọjá rí. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ṣìnà, kì í ṣe Tamar nìkan, gbogbo òpópó wa ni. Èèyàn irun ni wá. Ẹ gbé ajá fún wa, irun ara rẹ̀ ni a ó rí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí ajá yẹn mọ́.

Tamar pinnu pé òun yóò gbé e lọ sí ìdíje ajá, níbi tí wọ́n ti ń fi ife fàdákà fún èyí tí irun rẹ̀ dára jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe sí i, nítorí ó gba ọgbọ́n, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń fi omi òjò àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́. Ó ń fi òróró olífì tí wọ́n yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí pa á lára. Lẹ́yìn náà, ó ń la irun náà sọ́tọ̀ láti imú dé ìdí, ó ń pín in ní ìdì ìdì, ó ń fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká ìdì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi òwú so ó, kí ó lè gùn láìjá. Bí ogójì ìdì ni. Ó rán ìbọ̀sẹ̀ funfun fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má bàa fi èékánná ya ara, ó sì ń pààrọ̀ wọn láràárọ̀. Inú àpótí tó ní ìdérí gíláàsì ni ajá náà ń gbé, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Kí Tamar tó lọ síbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà, ó ti tú bébà, ó ti ya irun, ó sì ti tún bébà dì. Tí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó tún ń ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó bọ́ bàtà onígi rẹ̀.

Nítorí náà, eku pípa dópin, nítorí ẹ̀jẹ̀. Òpópó dópin, nítorí ẹrẹ̀. Àyà Enos náà dópin. Tamar ní èékánná Enos ń fa irun náà já, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìdíje yóò fi parí. Kódà orúkọ dópin. Ó ní ta ni yóò fi ife fàdákà fún ajá tó ń jẹ́ Sájẹ́ńtì, ó sì sọ ọ́ di Ọmọọba. Enos kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, “Leah, mo fẹ́ ìyàwó kan, mo gba ajá kan. Àwọn méjèèjì ti wá fẹ́ra wọn. Èmi ni àlejò báyìí.” A rẹ́rìn-ín títí. Ọdún méjì kọjá báyìí. Ọmọọba gba ipò kẹta níbì kan, ó gba ipò kejì níbòmíràn, ajá àwọn ará òpópó orí òkè lọ́hùn-ún sì ń borí rẹ̀. Ó wá ku ìdíje ńlá ti Ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, nínú èyí tí gbogbo alájá agbègbè wa ń péjọ. Ife yẹn ni Tamar ń wá.

Ìgbà òtútù tó ṣáájú Pẹ́ńtíkọ́sì náà ni àyà Enos dẹnu kọlẹ̀. Eruku irun àgùntàn ni, a mọ̀ ọ́n, ó ti pa àwọn mìíràn lójú wa. A gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ iná. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní òdìkejì. Látàárọ̀ dalẹ́ ni Enos ń wo ajá, ajá sì ń wo ilẹ̀kùn tí Tamar máa gbà wọlé. Ní oṣù kẹrin, dókítà jáde síta, ó sọ fún Tamar lórí àtẹ̀gùn pé bí ọkùnrin náà bá fi lè rí òpin oṣù karùn-ún, kí a dúpẹ́. Mo ń fọ àtẹ̀gùn tèmi lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ. Tamar náà gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Enos kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Mo ti gbé ọbẹ̀ wá fún wọn, mo sì wà ní ìjókòó.

Ó ní, “Tamar, gbé ajá yẹn wá.”

“Ajá wo?”

“Mélòó la ní? Gbé e lé mi láyà díẹ̀. Òtútù ń mú mi.”

“Màá gbé bíríkì gbígbóná fún ẹ.”

“Bíríkì kì í lá èèyàn lágbọ̀n.”

Tamar jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn, kì í ṣe aláriwo. Ó ní, “Enos, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù? Bí ìdì kan bá já lápá ọ̀tún, apá òsì máa gùn jù ú, wọ́n á sì rí i. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, tìẹ ni. Kó máa sùn lé ẹ láyà títí tó o fi máa bẹ̀ mí kí n gbé e kúrò.”

“Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì,” Enos ní. Ó wò mí. Mo wo ọbẹ̀.

Mo bínú sí Tamar lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ń bínú sí i títí di òní. Ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó mọ̀ pé inú oṣù kẹfà ni Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí lọ́dún yẹn, ó sì fi ọkọ rẹ̀ bá kàlẹ́ńdà ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí n má fi aṣọ bo nǹkan kan, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Ní Ọjọ́rú kan, Tamar wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú Enos. Ó ní, “Leah, ṣí àpótí yẹn. Wákàtí kan péré. Kò ní mọ̀.” Mo dìde. Mo lọ gbé ọwọ́ lé ìdérí. Ajá náà ń wò mí láti inú bébà rẹ̀ gbogbo, bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo ronú ìdì kan tó lè tú, mo ronú bí Tamar yóò ṣe mọ̀, nítorí ojú yẹn kò gba àbùkù. Kí n sọ òótọ́, mo ronú àwọn ará òkè tí ajá wọn ti borí tiwa, àti bí èmi náà ṣe fẹ́ rí ife yẹn ní òpópó wa. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Mo ní, “Fara balẹ̀ díẹ̀ sí i, Enos. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù.”

Ó ní, “Ìwọ náà ti ń kà á.” Kò tún bẹ̀ mí mọ́.

Enos kò kú ní oṣù karùn-ún. Ìfẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e ró, n kò rí ohun mìíràn. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, Tamar gbé àpótí náà jáde, àwọn ọkùnrin méjì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, gbogbo òpópó sì sìn ín dé kọ̀nà. Èmi dúró ti Enos. Bí ariwo ṣe lọ tán, ó ní kí n gbé omi kaná. Ó ní kí n fá irùngbọ̀n òun. Ó ní kí n wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè òun fún òun lórí aṣọ alẹ́, kí n gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Gé èékánná mi,” ó ní. “Kó má bàa fà á nírun.”

Mo gé gbogbo rẹ̀. Mo fi òkúta tí a fi ń pọ́n sísọ́ọ̀sì rọra yún etí wọn títí wọ́n fi jọ̀lọ̀. Ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán ìka kọ̀ọ̀kan wò, bí ọ̀kan bá ṣì ń họ ọ́, á dá a padà fún mi. Ìdajì wákàtí la fi ṣe é. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń sọ fún un pé èéfín iná ni.

Àwọn tó lọ ló sọ ti ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ní wọ́n gbé Ọmọọba sórí àpótí rẹ̀, lórí aṣọ pupa, irun rẹ̀ sì ṣubú sí ọ̀tún àti òsì títí ó fi kan ilẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀já tí wọ́n fi di irun iwájú rẹ̀, ẹ kò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Adájọ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró lẹ́ẹ̀kẹta. Ajá ńlá kan já okùn rẹ̀, ó ń sáré kiri, gbogbo ajá yòókù ń gbó, Ọmọọba kò gbó. Kò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní adájọ́ yìn ín gidigidi fún ìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rántí ẹṣin èédú tó fi ẹ̀yìn rìn fún un.

A gbọ́ wọn kí wọ́n tó yọ ní kọ̀nà. Enos gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Tamar wọlé, fìlà rẹ̀ ti wọ́, ojú rẹ̀ ń dán, ife fàdákà wà ní apá kan, ajá wà ní apá kejì. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn: kò kọ́kọ́ gbé ife sílẹ̀ kí a wò ó. Tààrà ló lọ síbi ibùsùn. Ó ní, “Mo ṣèlérí fún ẹ,” ó sì gbé ajá náà lé e láyà, pẹ̀lú gbogbo irun rẹ̀ ní títú.

Ajá náà dúró. Kò jókòó, kò dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ̀n.

“Sájẹ́ńtì,” Enos ní.

Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí kò sọnù, inú ilé ọdẹ ló ti ń gbé láti ìgbà yìí wá, kò sì gbọ́. Enos tún pè é. Ó mú ẹran jáde nínú àpò, ó gbé e síwájú imú rẹ̀, ajá yí imú kúrò, nítorí láti ọdún méjì ọwọ́ kan ṣoṣo ló ti ń bọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìbora, ó ń wo Tamar, ó dé etí ibùsùn tó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àpótí rẹ̀ ló ń sunkún lé. Tamar gbá a mú, ó fẹ́ dá a padà sí àyà ọkọ rẹ̀ tipátipá. Ajá náà gé Enos jẹ ní àtàǹpàkò.

Enos ní, “Fi í sílẹ̀. Má fipá mú un.”

Ó wá na ọwọ́, ó mú ìdì irun kan sáàárín ìka méjì. Ogbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ ṣíṣa. Aṣa-irun a fa irun àgùntàn díẹ̀ gùn, a gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, a dá a mọ̀, a sì jù ú sínú agbọ̀n tó tọ́ sí i, èyí tó dára jù sínú agbọ̀n àkọ́kọ́. Enos fa irun ajá náà gùn. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó fi àtàǹpàkò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ pa á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

“Agbọ̀n àkọ́kọ́,” ó ní. “Mi ò rí irú rẹ̀ rí níbi iṣẹ́ wa. Kò ní àbùkù kankan, Tamar. Gbé e lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má lọ ta sí i lára.”

Tamar gbé ajá. Àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ níta, wọ́n fẹ́ rí ife. Enos yí ojú sí ògiri. Ní Fraidé ó kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, nígbà tí àwọn àlejò ti jẹun tán tí wọ́n lọ, Tamar ń di irun ajá náà ní bébà. Kí ni ì bá tún ṣe? Ajá yẹn kò mọ ìgbé ayé mìíràn mọ́. Ó bi mí, kò gbé ojú sókè, ó ní, “Leah, ohun tí Enos sọ yẹn, ìyìn ló fi yìn mí ni, àbí èébú ni?”

Mo ní ìyìn ni.

Ọmọọba tún gba ife mẹ́ta, ó kú lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, Tamar kò sì gba ajá mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n Pẹ́ńtíkọ́sì kan kò kọjá láàárín ọdún mẹ́tàlá tí kò bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi náà kò sì yí ìdáhùn mi padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló bi mí kẹ́yìn. Ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, n kò sì mọ ohun tó wọ̀ mí. Ó rẹ̀ mí láti máa purọ́ fún un. Mo ní, “Èébú ni, Tamar. Ajá ló bẹ̀ ẹ́ fún, irun lo gbé fún un.”

Ó pa ojú dé. Mo rò pé mo ti pa á.

Ó ní, “Mo mọ̀. Èmi ṣì gbé ajá fún un, ó kàn pẹ́ ni. Ìwọ ńkọ́, Leah? O gbé ọwọ́ lé ìdérí, o sì gbé ọwọ́ kúrò.”

Enos ti sọ fún un. Láti ọdún mẹ́tàlá ló ti mọ̀, ó sì ń bá mi jẹun, ó ń kí mi láàárọ̀ láti ara ògiri. Mo gbé ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fún un mu.